Ìtara Tí Kì Í Pẹ́: ADHD àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí A Ń Pa Tì

Nínú ọ̀pọ̀ ilé láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, igun kan máa ń wà tí ẹrù rẹ̀ kì í yàtọ̀: gìtá tí okùn méjì ti já lára rẹ̀, ike sódà ọṣẹ (caustic soda) tó ṣẹ́ kù ìdajì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọṣẹ ṣíṣe, àpótí ìgbín tí aláǹgbá ti sọ di ilé, ìwé èdè Faransé tí wọ́n kà dé ojú ewé kọkànlá. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó bá a ju oṣù kan lọ. Àwọn ará ilé á ní orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, "àmọ́ kì í parí nǹkan." Ẹnì kan á wá fi òwe gún un lára: ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lè ní ẹ̀mí àbẹ̀rẹ̀-má-parí ni, kó lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Àdúrà kò ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n fún àwọn kan lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣe wọ́n ní orúkọ nílé ìwòsàn, bí a ṣe ń bá a gbé sì wà. ADHD (Attention-Deficit/Hyperactivity Disorder) ni wọ́n ń pè é. Ìtara ẹni tó ní in kì í ṣe ẹ̀tàn, àìparí rẹ̀ kì í sì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Nínú gbogbo ohun tó lè gbìyànjú, ìbúra pé "lọ́tẹ̀ yìí mo máa parí rẹ̀ dandan" ni agbára rẹ̀ kéré jù. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kó ṣètò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti mọ̀ pé iná náà máa kú: kí àtiwọlé má gbówó lórí, kí èrè àkọ́kọ́ má jìnnà, kí ọ̀nà àtipadà sì wà ní ṣíṣí.

Orúkọ tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà

Nínú lẹ́tà mẹ́rin yẹn, méjì àkọ́kọ́ dúró fún "àfiyèsí tó dín." Ibẹ̀ ni àṣìlóye ti ń bẹ̀rẹ̀. Àfiyèsí kò dín lára ẹni tó ní ADHD. Dídarí rẹ̀ ló ṣòro. Ẹni tí kò lè ka ojú ewé méjì nínú ìwé ìdánwò lè jókòó ti ẹ̀rọ rédíò tó tú palẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà láìjẹun, láìmu omi, kí ìkòkò sì jóná lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá tó bá rí ìyẹn á ní, "Ṣé ìwọ náà kọ́ lo jókòó látàárọ̀? O kàn kì í fẹ́ kàwé ni." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tó ń wò ó láti ìta. Àmọ́ wákàtí mẹ́fà yẹn kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹni náà. Kò lè pè é wá nígbà tó bá fẹ́, kò sì lè lé e lọ nígbà tí ó yẹ kó sùn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àná. Ní 1902, dókítà ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Still, ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ ADHD dé inú ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ní 1987. Ẹ̀dà ìwé náà tó jáde ní 2013 tò àmì 18 kalẹ̀: 9 fún àìlèdarí àfiyèsí, 9 fún àìlèjókòó jẹ́ẹ́ àti ìwàǹwára. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 6 lára 9 ní ọ̀kan nínú ìhà méjèèjì. Fún ẹni ọdún 17 sókè, 5 tó. Ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́fà, ó gbọ́dọ̀ máa hàn ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ilé ìwé tàbí ilé àti ibi iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa ba ìgbé ayé ẹni náà jẹ́ lóòótọ́. Èyí tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù ni pé àwọn àmì kan gbọ́dọ̀ ti hàn kí ó tó pé ọmọ ọdún 12. ADHD kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún.

Ẹ kíyè sí i pé "iṣẹ́ ọwọ́ tuntun kì í pẹ́ sú u" kò sí nínú àmì 18 náà. Èyí tó sún mọ́ ọn ni kí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìparí rẹ̀, kí ó máa sá fún ohun tó gba ìrònú gígùn, kí ó máa sọ irinṣẹ́ nù, kí nǹkan kékeré máa gba ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń ṣe. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè wo gìtá tó já lókùn kí ó sì sọ pé ADHD ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tọ́ nǹkan wò kí wọ́n tó mọ èyí tó bá wọn lára mu, ara wọn sì dá ṣáṣá.

Ó sábà máa ń rìn nínú ìdílé. Bí dókítà bá ń bi ọmọ léèrè, bàbá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìtàn ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Lára àwọn ọmọbìnrin, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í fò sórí tábìlì. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn kíláàsì, ojú wọn á wà lára pátákó, ọkàn wọn á ti dé Ìlọrin.

Bí iná náà ṣe ń kú

Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ọmọbìnrin kan ní agbègbè Bùnú, níbi tí aṣọ híhun ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ìyá láti ayébáyé, tí wọ́n sì ti mọ aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò mọ́ wọn, ṣàdédé fẹ́ kọ́ òfì. Ẹ kàn rò ó pé irú rẹ̀ ló wà níwájú yín.

Ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, fídíò ló ń wò títí aago méjì òru. Ó ti mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́. Ọjọ́ kẹrin, ó ra òwú àwọ̀ mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé méjì ni aṣọ àkọ́kọ́ nílò. Ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹjọ, wọ́n bá a gbé òfì obìnrin tí ó máa ń dúró ti ògiri, ó ta òwú sí i, ó ṣètò òmù, ìyẹn okùn tó ń ya òwú sọ́tọ̀. Ohun tuntun ni gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ti fi àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp, àwọn àǹtí rẹ̀ sì ti ń pàṣẹ aṣọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, aṣọ náà ga tó ìka mẹ́rin. Ọjọ́ kejìlá, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ohun tuntun mọ́: ti ọ̀kọ̀ (igi tó ń gbé òwú) kọjá, fi pátákó gbá a mọ́lẹ̀, yí òwú padà, ti ọ̀kọ̀ kọjá. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe lónìí náà ni yóò ṣe lọ́la, aṣọ tó pé sì ṣì jìnnà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, okùn òwú kan já. Síso rẹ̀ padà kò ní gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó ní, "Mo máa so ó lálẹ́." Alẹ́ dé, iná ìjọba ò sí. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó gba ẹ̀gbẹ́ òfì náà kọjá, ó wò ó, inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún, ó fi aṣọ bò ó kí ojú má bàa máa rí i. Ọjọ́ kọkànlélógún, ó ti ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ olómi.

Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé tuntun ti tán. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine, iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń sọ fún ara pé "èyí tó ohun tí à ń lé, má dúró." Ohun tuntun máa ń jí i sókè lára gbogbo ènìyàn. Lára ẹni tó ní ADHD, ètò kẹ́míkà yìí àti ti ìkejì rẹ̀, noradrenaline, kì í ṣiṣẹ́ bíi ti ẹlòmíràn, pàápàá tí èrè bá jìnnà. Ìkejì nìyẹn: èrè tó wà lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ní agbára, èyí tó wà lóṣù mẹ́ta sí i kò jọ ohun tó wà rárá, bó tilẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkẹta ni òwú tó já. Ìdènà kékeré tí ẹlòmíràn á tẹ̀ kọjá láìmọ̀ ni ó ń pa iṣẹ́ náà gan-an, nítorí pé ó dé nígbà tí tuntun ti tán tí èrè ò sì tíì yọjú. Bí òwú náà bá já ní ọjọ́ kẹfà, á ti so ó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Iná koríko ọyẹ́ ni ìtara yìí, iná gidi sì ni. Ó ń jó, ó ń ràn, ó tiẹ̀ ń yára ju iná ìtì igi lọ. Kò kàn ní ẹ̀yinná ni.

Ẹ má sì gbójú fo aṣọ tó fi bo òfì náà. Ohun tí ojú kò rí, ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í mú un sọ́wọ́. Ó ti bọ́ nìyẹn. Ìtìjú ló jẹ́ kó bò ó. Ìtìjú yìí gan-an ni kì í jẹ́ kó lè padà sí i lóṣù kẹta, nígbà tí ìfẹ́ òfì bá tún jí, torí ó sábà máa ń jí.

Ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe é

Bí ìfẹ́ nǹkan kan bá kú lára ẹni tó ní ADHD, ó máa ń fò mọ́ òmíràn. Bí ìfẹ́ gbogbo nǹkan bá kú pa pọ̀, tí oúnjẹ kò dùn, tí oorun ti dàrú, tó sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìbànújẹ́ tó di àìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀.

Èyí tó léwu jù láti ṣì mú ni ti ẹni tí ara rẹ̀ ṣàdédé yá gágá fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń sùn wákàtí méjì láìrẹ̀ ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ó fẹ́ dá okòwò márùn-ún sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ó ń náwó bí ẹni tí owó ń lé, gbogbo ènìyàn sì rí i pé kì í ṣe ìwà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtara iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ kíákíá, torí àwọn oògùn ADHD kan lè mú un burú sí i.

Ẹ̀yà inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid tó ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ tó dín, àìsùn, ọtí, àti orí tó lu ilẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbé ènìyàn ṣubú, gbogbo wọn lè ba àfiyèsí jẹ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń bi ẹni ọdún 38 ní ìbéèrè nípa ìgbà tó wà ní pámárì, tí á sì fẹ́ rí ìwé èsì ilé ìwé bó bá ṣì wà. Ọ̀rọ̀ tíṣà kan tó kọ "ó ní làákàyè ṣùgbọ́n kì í fọkàn sí iṣẹ́" lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹni náà ń rántí lónìí lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta kí owó tó jáde

Kò sí bí a ṣe fẹ́ dá ìtara dúró, kò sì yẹ ká dá a dúró. Inú rẹ̀ ni ayọ̀ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà. Ohun tí ó yẹ kó yí padà ni irú iṣẹ́ tí à ń jẹ́ kí ìtara náà gbé wá sílé. Kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan, kí ó dáhùn mẹ́ta yìí sórí ìwé: ọjọ́ mélòó ni kí n tó rí èrè àkọ́kọ́? Bí mo bá pa á tì, ọjọ́ mélòó ni kí ó tó bàjẹ́ tàbí kú? Nínú owó tí mo fẹ́ ná, èló ni mi ò ní lè gbà padà?

Ẹ fi àwọn ohun tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa dán an wò. Tẹ̀tẹ̀ tí a fọ́n sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé á ti tó fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Irúgbìn rẹ̀ kò wọ́n. Bó bá sì kú, ilẹ̀ ṣì wà. Ó dára gan-an fún ẹni tó ní ADHD, pàápàá ní ìgbà òjò tí kò ní láti máa bu omi sí i. Ẹja àrọ̀ ni òdìkejì rẹ̀. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ó tó tó tà, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun, omi wọn gbọ́dọ̀ máa yí padà, bí a bá sì gbàgbé wọn nígbà tí ooru mú, àárọ̀ ọjọ́ kan lè bá gbogbo wọn lójú omi. Owó oúnjẹ wọn kò ṣeé gbà padà. Gbèsè tí àwọn ẹbí ń san fún "ọmọ tí kì í parí nǹkan" lè bẹ̀rẹ̀ láti inú adágún ẹja.

Adìẹ tí à ń sìn fún ẹran máa ń tó tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí náà èrè rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè kejì burú: ọjọ́ kan láìsí omi ti pọ̀ jù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dá a sìn. Ìgbín ní ìforítì tiẹ̀. Bí ibùgbé rẹ̀ bá gbẹ tí oúnjẹ sì tán, á fa ara rẹ̀ wọlé, á fi awọ tín-ínrín dí ẹnu ìkarahun, á máa dúró de ìgbà tí olúwa rẹ̀ á rántí. Kò ní dàgbà ní gbogbo àkókò yẹn, ṣùgbọ́n kò ní tètè kú. Wàhálà rẹ̀ ni pé èrè lè gba ọdún kan, ìtara tí à ń sọ kò sì ní mọ nǹkan tó ń jẹ́ ọdún kan.

Oyin ló ń yà wá lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn. Ẹ gbé àpótí síbi tí òjìji wà, ẹ fi ìda oyin pa inú rẹ̀, ẹ fi gírísì tàbí ògbólógbòó ọ́ìlì ẹ̀rọ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kí èèrà má gùn ún, ẹ sì máa lọ. Oyin lè wọ̀ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè pẹ́ ní oṣù. Nígbà tí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, wọn ò gbàgbé iṣẹ́ tiwọn. Àbẹ̀wò díẹ̀ lóṣù tó, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń fá a. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ọjọ́ fífá: ẹni tí ìwàǹwára ń dà láàmú á sáré lọ láìwọ aṣọ ààbò, láìmú ohun tí yóò fi rú èéfín, oyin á sì kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Kí ó yá aṣọ náà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń ṣe é, kí ẹni náà sì bá a lọ.

Òfì, gìtá, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, yíya àwòrán: òwú kì í kú, ebi kì í pa gìtá. Èyí tó dára jù fún ẹni tó ní ADHD nìyí, bí owó ìbẹ̀rẹ̀ kò bá pọ̀.

Owó, àti ọjọ́ mẹ́rìnlá

Rírà gan-an ní adùn tirẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìdẹkùn. Ẹni tó ra gbogbo irinṣẹ́ ti jẹ apá kan èrè náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bíi ti ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò títí tí kò fi lè jẹun mọ́. Bákan náà ni wíwo fídíò àti sísọ fún gbogbo ayé.

Ìlànà tó rọrùn ni kí a kọ orúkọ ohun tuntun náà àti déètì sórí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, kí a má ná kọ́bọ̀ lé e fún ọjọ́ 14. Láàárín ìgbà yẹn, ó lè yá irinṣẹ́, ó lè lọ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè wo fídíò bó bá wù ú. Púpọ̀ nínú àwọn ohun tó wà lórí ìwé yẹn á ti kú fúnra wọn kí ọjọ́ tó pé, kò sì ní sí ẹrù tuntun nígun yàrá. Bí èyí tó kù bá ṣì ń jó, kí ó ná ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí gbogbo irinṣẹ́ tó pé bá jẹ́ ₦100,000, ₦10,000 ni àkọ́kọ́, kí ó sì jẹ́ àlòkù. Ìdá kejì kò ní jáde títí tí ohun kan tí a parí, bó ti wù kó kéré tó, á fi wà nílẹ̀: kí ó hun ìborùn ọmọdé kan tán kó tó ra òwú àwọ̀ mẹ́fà.

Èyí kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ọpọlọ ẹni náà nìkan. Kí owó náà wà lọ́wọ́ ìyàwó, ọkọ, ẹ̀gbọ́n tàbí alájọ. Kí àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù kúrò lórí fóònù náà, torí aago kan òru ni wọ́n máa ń dára jù lójú ẹni tó ti rí irinṣẹ́ tuntun.

Ẹnì kejì, aago, àti àáró

Àwọn baba wa ní ìlànà kan tó bá ADHD mu ju ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ìgbàlódé lọ: àáró. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kò sí ẹni tó ń dúró de ìgbà tí ìtara bá dé kó tó lọ; àwọn ẹgbẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́. Ìwádìí tó dúró ṣinṣin lórí bí ẹnì kejì ṣe ń ran ẹni tó ní ADHD lọ́wọ́ kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ní in ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ: ẹni tó kàn jókòó sínú yàrá náà, kó máa bó ẹ̀gúsí tirẹ̀, ti tó láti jẹ́ kí iṣẹ́ lọ. Kò gbọ́dọ̀ máa báni wí. Bó bá ti di alábòójútó, oògùn náà ti bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí ẹni tí kì í lè fi gìtá dánra wò nílé fi lè máa ta á dáadáa nínú ẹgbẹ́ akọrin: ọjọ́ ti wà, aago ti wà, àwọn ènìyàn ń retí rẹ̀, orin tuntun sì ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Tí kò bá sí ẹnì kejì, kí ó fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú 20, kí ó sì dúró nígbà tó bá dún, àní bí iṣẹ́ ń dùn. Ó dà bí ìyà, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nígbà tó ń dùn ní ìdí láti padà lọ́la. Ẹni tó ṣe é di aago mẹ́ta òru á jí pẹ̀lú orí fífọ́ àti ìkórìíra iṣẹ́ náà. Kí ìdáná má sí láàárín ìṣẹ́jú 20 yẹn. Bí ìkòkò bá wà lórí iná, aago ọ̀tọ̀ ni fún un, kí ó sì dún ní ilé ìdáná.

Fún òwú tó já, kí àpótí kékeré kan wà lára òfì tó ní síṣọ́ọ̀sì, òwú fún síso, àti ìkọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á di mẹ́rin. Ohunkóhun tó ń mú ìdènà kúrò ṣáájú kí ó tó dé wúlò ju ìwàásù lọ.

Ilé ìwòsàn àti oògùn

Láti ìwọ̀-oòrùn Kogí, lára ibi tí ènìyàn lè lọ fún dókítà ọpọlọ ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́já, àti ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ á fẹ́ Ìlọrin, ẹni tó wà ní Kàbà á fẹ́ Lọ́kọ́já. Ẹ mú ìwé èsì ilé ìwé lọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kékeré sì tẹ̀ lé e. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán orí tó ń fi ADHD hàn. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀, láti yọ àwọn àìsàn mìíràn kúrò ni.

Oògùn tí wọ́n mọ̀ jù ni methylphenidate. Èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan, á sì lọ lẹ́yìn nǹkan bíi mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó lè dín oúnjẹ àti oorun kù, ó lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà wọ́n ń wọn ìfúnpá, ìlù ọkàn àti ìwọ̀n ara, pẹ̀lú gíga fún ọmọdé. Atomoxetine yàtọ̀: ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn sì lè dá a dúró kí ó tó tó àkókò nítorí ó rò pé ayédèrú ni. Kò sí oògùn tó ń sọ iṣẹ́ tó ti sú ni di tuntun. Ohun tó lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí ènìyàn lè so òwú tó já.

Ẹ má ra nǹkankan lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri ní gáréèjì. Tramadol kì í ṣe oògùn ADHD, kódà bí ẹni tó lò ó bá ní ó jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, kíkọ́ àwọn òbí ní bí wọ́n ṣe máa darí rẹ̀ ló ń ṣáájú oògùn.

Bí a ṣe ń pa á tì dáadáa

Èyí ni apá tí kò sí ẹni tó ń kọ́ni, ó sì wúlò jù. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a má ṣe bí ẹni pé ó ṣì ń lọ. Kí a dì í. Kí ẹnì kejì jókòó tì í, ìṣẹ́jú 30 tó. Èyí tó lè pani lára ló ń kọ́kọ́ jáde: sódà ọṣẹ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó bá mu ún, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ wà nínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fún ẹni tó ń ṣe ọṣẹ. Ẹ dẹ okùn gìtá díẹ̀ kí ọrùn rẹ̀ má tẹ̀. Ẹ ká òwú sínú ọ̀rá tó nípọn, ẹ dè é. Ẹ dì í sínú àpò tí ènìyàn lè rí inú rẹ̀, kì í ṣe àpótí dúdú, kí ẹ sì gbé e síbi tí ojú ń tó.

Lẹ́yìn náà ni ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ohun tó wà lórí rẹ̀ má ju ìlà mẹ́ta lọ: ibi tí mo dúró, ìdí tí mo fi dúró, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe bí mo bá padà. Ti òfì Bùnú yẹn lè kà báyìí: "Mo hun àtẹ́lẹwọ́ méjì. Okùn kan já lápá ọ̀tún, ẹ̀kẹfà láti etí. So ó kí o tó fọwọ́ kan ọ̀kọ̀."